Kí Ẹ̀rọ Tó Yí, Ẹ Jẹ́ Kó Jókòó Dáadáa

Ọ̀rọ̀ irin ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ìyẹn ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ owó ẹbí wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sùúrù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà kan rí, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gé irin ní láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ wà. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ń ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀, wọ́n ń gbé e sí gáréèjì bàbá wọn tàbí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ń fẹ́ fi jẹun. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí àwa ará ilé ṣe máa ń retí pé kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó lọ́jọ́ tó wọlé. Láàrin ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọlé àti ọjọ́ tó yẹ kó gé irin àkọ́kọ́, iṣẹ́ kan wà tí kì í hàn sí ojú, tí oníbàárà kankan kì í sanwó rẹ̀, síbẹ̀ òun ni yóò sọ bóyá owó tí ẹbí kó jọ yóò so èso tàbí yóò ṣòfò. Iṣẹ́ náà ni títo ẹ̀rọ àti wíwọ̀n ọ́n títí yóò fi tọ́.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ ni lathe. Ẹni tí kò bá rí i rí, kó fojú inú wo bí ọlọ́sàn ṣe máa ń yí ọsàn sí ẹnu ọ̀bẹ, tí èèpo rẹ̀ á máa bọ́ gbọọrọ láìjá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni lathe ń ṣe sí irin. Ara rẹ̀ gùn, ó sì wúwo. Ní apá òsì ni orí rẹ̀ wà, èyí tó ń di irin mú tó sì ń yí i. Ní apá ọ̀tún ni ìrù rẹ̀ wà, èyí tí a fi ń gbé ìpẹ̀kun irin gígùn ró. Láàrin méjèèjì, pẹpẹ kan tó gbé ọ̀bẹ ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, lórí ojú ọ̀nà tí wọ́n ti gbẹ́ tó sì ń dán. Ṣáàfùtù, búṣìnnì, púlì, ohunkóhun tó bá ti rí roboto, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde.

Àbúrò mi tó tẹ̀lé mi kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì fi ọdún méjì gbáko wáṣẹ́. Nígbà tó yá, ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú ẹbí pé kí wọ́n má ṣe bá òun wáṣẹ́ mọ́, lathe ni kí wọ́n bá òun rà. Màmá wa gba àjọ rẹ̀. Bàbá wa yọ díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Manchester fi tirẹ̀ ránṣẹ́, èmi náà sì mú ohun tí mo rí nídìí àròkọ kíkọ wá. Ó wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Owódé Onírin ní Èkó, ó sì lọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí èyí tó wù ú.

Kí n tó dé orí títo ẹ̀rọ, ó yẹ kí n sọ ohun kan nípa rírà, nítorí kò sí títò tó lè wo ẹ̀rọ tó ti jẹ tán sàn. Ojú ọ̀nà tí pẹpẹ ń rìn lórí rẹ̀ máa ń jẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìtòsí orí ló sì máa ń jẹ jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń wáyé. Ohun tí àbúrò mi ṣe ni pé ó gbé pẹpẹ wá sí ìtòsí orí, ó fún un títí kò fi sí gbẹ̀rẹ̀ kankan mọ́, ó wá rọra ń tì í lọ sí apá ìrù. Bó bá ń le sí i bó ṣe ń lọ, tí kò wá lè kọjá mọ́, ó dájú pé ojú ọ̀nà ti jẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ méjì sílẹ̀ nítorí èyí. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà tuntun, ó ń dán bí ìyàwó tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má ṣe wo ọ̀dà.

Ẹ̀rọ tó rà wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Ọjọ́ Sátidé ló wọ ilé. A pa ilẹ̀kùn gáréèjì dé, gbogbo wa sì ń retí ìró rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ìró kankan kò jáde. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá wa pè mí lórí fóònù.

"Ìwọ tí o kàwé Yorùbá," wọ́n ní, "bá mi wá òwe kan tí mo lè pa fún àbúrò rẹ. Kọnkéré ló ń bomi rin láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni tó gbin ẹ̀fọ́. Ṣé ẹ̀fọ́ la ní kó lọ rà ni?"

Mo wá òwe, mo sì mú un lọ. Ṣùgbọ́n òun náà ti ní tirẹ̀ nílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ bá mi sọ fún Màmá pé alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀." Ó fà àga fún mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó fẹ́ yọ hàn mí. Ohun tí mo rí láàárín ọjọ́ yẹn àti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Ilẹ̀ gáréèjì máa ń dagun sí ẹnu ọ̀nà, kí omi òjò lè ṣàn jáde. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà rí, ó sì ti sán ní ibi púpọ̀. Ó fọ́ apá kan níbẹ̀, ó to irin sínú rẹ̀, ó ri bóòtì mẹ́rin mọ́ ọn, ó sì da kọnkéré tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kọnkéré ń gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì àti omi ló ń ṣiṣẹ́ lára ara wọn títí wọn yóò fi di òkúta, bí omi bá sì tètè fà kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ náà dúró lágbede méjì, kọnkéré á sì ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń bomi rin ín. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà máa ń kà kí wọ́n tó wọn agbára kọnkéré, òun náà sì ka ọjọ́ 28. Bó bá di bóòtì mọ́ kọnkéré tí kò tíì gbó, bóòtì á máa fà á díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìwọ̀n tó bá sì ṣe lónìí á ti yẹ̀ lọ́la.

Mo béèrè pé ṣé tábìlì onígi tó nípọn kò lè gbé e ni. Ó ní ó lè gbé e, ṣùgbọ́n igi kì í dúró sójú kan. Lásìkò òjò igi á mumi, á wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á sún kì. Ẹ̀rọ tó bá wà lórí rẹ̀ á máa bá a lọ́. Irin ni wọ́n jó pọ̀ fún ẹsẹ̀ lathe tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, a pe àwọn ọmọkùnrin àdúgbò mẹ́rin. Páìpù irin ni wọ́n tò sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi yí i wọlé, ṣéènì ni wọ́n sì fi gbé e sókè. Abẹ ara rẹ̀ ni wọ́n so ṣéènì mọ́, wọn kò so ó mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kankan tó lè tẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì nu gíríìsì àtijọ́ kúrò, ó sì fi ọ́ìlì ra gbogbo ojú ọ̀nà. Mo rí ẹnì kan tó fẹ́ fi sáńpépà ha ìpẹtà. Igbe tí àbúrò mi ké lọ́jọ́ yẹn, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá bíríkìlà ṣiṣẹ́ rí á mọ rọ́bà olómi. Wọ́n á bu omi sínú rọ́bà tó mọ́ gaara, ẹnì kan á di ẹnu rẹ̀ kan mú ní kọ̀rọ̀ yìí, ẹlòmíràn á di ẹnu kejì mú ní kọ̀rọ̀ ọ̀hún, ibi tí omi bá dúró sí lọ́wọ́ méjèèjì dọ́gba. Ọgbọ́n tó dára ni fún ilé kíkọ́. Ṣùgbọ́n ojú kò lè ka omi inú rọ́bà kó mọ ìyàtọ̀ tó kéré sí mìlímítà kan dáadáa, ohun tí lathe sì ń béèrè kéré sí ìyẹn lọ́nà tó pọ̀. Igi olómi tí wọ́n fi ń wo ògiri náà kò tó. Èyí tó dára nínú wọn lè fi nǹkan bí ìdajì mìlímítà ṣìnà nínú mítà kan. Àbúrò mi lọ yá irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó wà lára gíláàsì rẹ̀ dúró fún 0.02 mìlímítà nínú mítà kan. Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó: bí ẹ bá ki ẹyọ ìwé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo sábẹ́ ìpẹ̀kun kan pákó tó gùn ní mítà kan, tí ẹ sì gbé ohun èlò yìí lé pákó náà, ìhó kékeré inú gíláàsì rẹ̀ yóò sún nǹkan bí ìlà márùn-ún. Bí ẹ bá fọwọ́ gbá gíláàsì náà mú, ooru ọwọ́ yín nìkan tó láti mú un sún.

Kó tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ó kọ́kọ́ dán ohun èlò náà fúnra rẹ̀ wò. Ó gbé e kalẹ̀, ó ka ìlà. Lẹ́yìn náà ó yí i po, kí apá òsì rẹ̀ di ọ̀tún, ó sì tún un kà lójú ibẹ̀ kan náà. Bí ìhó bá lọ sí ìhà ògiri kan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì, ojú ibi tí a gbé e lé ló dagun. Bó bá jẹ́ pé ìhó ń tẹ̀lé ohun èlò yípo, ohun èlò ló ń purọ́. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí. Kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń fi igi olómi tó ti wọ́ kọ́lé tí wọn kò sì yí i po rí.

Níbẹ̀ ni mo ti bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé ojú irin tó tẹ́jú la fi ń mọ èyí tí kò tẹ́jú, kí ni ẹni àkọ́kọ́ fi wọ̀n tirẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi oníwèé náà ń béèrè ohun tó dáa. Ó wá sọ ìtàn Joseph Whitworth fún mi, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Henry Maudslay ní Lọ́ńdọ̀nù, Maudslay tó ṣe lathe tó ń fín okùn sára bóòtì ní nǹkan bí ọdún 1800. Lọ́dún 1840, Whitworth ṣàlàyé fún àwọn onímọ̀ tó péjọ ní Glasgow bí a ṣe lè rí ojú irin tó tẹ́jú láìní òmíràn tí a ó fi wò ó. Pẹlẹbẹ irin mẹ́ta ni a nílò. Bó bá jẹ́ méjì péré, ọ̀kan lè yọ ikùn kí èkejì sì jin kòtò, kí wọ́n sì bá ara wọn mu régí. Èèyàn á rò pé wọ́n tẹ́jú. Ẹ̀kẹta ló ń tú àṣírí. Bí ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta bá bá àkọ́kọ́ mu torí pé àwọn méjèèjì jin kòtò, ẹ gbé àwọn méjèèjì kojú ara wọn, ẹ ó rí i pé àárín wọn ṣófo. A ó kun wọ́n lọ́dà, a ó fi ọ̀kan ra èkejì, ibi tí ọ̀dà bá sì ti hàn pé ó ga la ó ha. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá bá ara wọn mu lọ́nà gbogbo, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè jẹ́ ju pé wọ́n tẹ́jú. Àwa Yorùbá mọ ìwúlò ẹlẹ́rìí kẹta nínú ẹjọ́ tọkọtaya. N kò mọ̀ pé irin náà ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí gáréèjì. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé kì í ṣe kí lathe tẹ́jú bí omi inú àwo ni àbúrò mi ń lé. Lathe wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń fì síwá fì sẹ́yìn lórí òkun, ó sì ń gé irin tó tọ́. Ohun tó ń lé ni kí ara ẹ̀rọ má ṣe lọ́, bí a ṣe ń fún aṣọ tó tutù. Bí ìdí orí bá dagun díẹ̀, tí ìdí ìrù náà sì dagun ní ìwọ̀n kan náà gan-an sí ìhà kan náà, kò sí wàhálà. Ìyàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ ó sọ pé irin tó nípọn báyìí, kí ni yóò lọ́ ọ? Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé aago ìdíwọ̀n kan kalẹ̀, irú èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà rìn, ó fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ̀rọ, ó sì gbé sípánà lé mi lọ́wọ́ pé kí n tú nọ́ọ̀tì kan ní ẹsẹ̀ iwájú lápá ìrù. Mo tú u. Abẹ́rẹ́ náà rìn ìlà mẹ́rin lójú mi. Ọwọ́ mi yìí, tí kò ju ọwọ́ akọ̀wé lọ, ni ó lọ́ irin ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá kàn gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tó sì fi gbogbo agbára di bóòtì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ara ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ kó lè bá ilẹ̀ wíwọ́ mu.

Ohun tó fi ń tún un ṣe lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni, tó fi sísọ́ọ̀sì gé ní pẹlẹbẹ. Ó nípọn ní nǹkan bí 0.1 mìlímítà. A ki í sábẹ́ ẹsẹ̀ tó bá nílò rẹ̀, a di nọ́ọ̀tì padà, a tún kà á. Bí ìhó bá dúró sójú kan náà ní ìdí orí àti ní ìdí ìrù, a sinmi. Ó gbà wá ní ọ̀sán kan gbáko, ara irin sì gbọ́dọ̀ tutù, torí náà a ti fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.

Mo rò pé ó ti parí. Ó ní rárá, gíláàsì olómi ti sọ tirẹ̀, ó ku kí irin sọ tirẹ̀, bí ọ̀rọ̀ wọn bá sì yàtọ̀, irin la ó gbà gbọ́. Ìdí ni pé ojú ọ̀nà ẹ̀rọ àlòkù ti lè jẹ díẹ̀, gíláàsì olómi kò sì mọ ohun tí orí ẹ̀rọ ń wò. Ó mú ọ̀pá irin tó nípọn ní 30 mìlímítà, ó fi orí di ìdí rẹ̀ mú, ó sì jẹ́ kí 150 mìlímítà yọ síta láìsí ìrù tó gbé e ró. Ó gé àárín rẹ̀ sínú, kí ó lè ku bí òrùka méjì, ọ̀kan nítòsí orí, ìkejì lókèèrè, tí wọ́n fi 100 mìlímítà jìnnà síra. Ó wá fi ọ̀bẹ tó mú ṣáṣá gé fẹ́ẹ́rẹ́ lára òrùka méjèèjì ní ìrìn kan ṣoṣo, láìfọwọ́ kan ìdarí ọ̀bẹ. Ó fi máíkrómítà wọ̀n wọ́n: 28.40 nítòsí orí, 28.46 lókèèrè.

Ìyàtọ̀ 0.06. Òfo ni ní ojú èèyàn. Irun orí ẹlòmíràn nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó túmọ̀ sí. Ṣáàfùtù ẹ̀rọ ata máa ń jókòó sínú bíárìn méjì. Bí bíárìn wọ̀nyẹn bá fi 200 mìlímítà jìnnà síra, ìyàtọ̀ náà ti di 0.12. Èyí tó bá wọ ọ̀kan régí, á máa mì nínú èkejì. Ojú ṣáàfùtù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú bíárìn, á jẹ, á pariwo, kò ní pẹ́ tí ìyá aláta á fi gbé e padà wá, tí á sì sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ yẹn kò mọṣẹ́. Lóòótọ́, ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè máa wọn ojú ibi kọ̀ọ̀kan kó sì máa sún ọ̀bẹ láti fi bo àléébù ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò yẹ kó máa bá ẹ̀rọ tirẹ̀ jà lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Kó tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ó kọ́kọ́ yọ ẹ̀sùn kan kúrò. Ọ̀pá tí ìpẹ̀kun rẹ̀ kò ní agbérù lè máa sá fún ọ̀bẹ, ìyẹn náà á sì mú kí òrùka òde tóbi ju ti inú lọ. Ó tún un gé, ó jẹ́ kí ọ̀bẹ fẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Ìyàtọ̀ náà kò yí padà. A jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀pá. Bí òde bá tóbi ju inú lọ, ọ̀bẹ ń jìnnà sí irin bó ṣe ń lọ sí apá ìrù, ohun tó sì ń fà á ni pé ìhà iwájú, níbi tí òṣìṣẹ́ ń dúró sí, ti rẹlẹ̀ ní apá ìrù. Ẹsẹ̀ iwájú lápá ìrù la ó gbé sókè. Ó ki agolo kan sí i, ìyàtọ̀ di 0.03. Ó ki ìkejì, ó kọjá ààlà, òrùka òde wá tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti inú lọ pẹ̀lú 0.01. Lẹ́yìn èyí ó ku kí ó máa tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, kí ó máa dì í díẹ̀, kí ó gé, kí ó wọ̀n. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni òrùka méjèèjì tó bá ara wọn mu, àfi 0.005, ó sì ní òun ti tẹ́ lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà nìkan ló kan ìrù. Ó gbé ọ̀pá gígùn sáàárín orí àti ìrù, ó gé e, ó wọ̀n ọ́n ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó sì sún ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí wọ́n fi dọ́gba. Kò gbà ju wákàtí kan lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀ torí pé ó rọrùn, wọ́n á fi ìrù wíwọ́ tún ara lílọ́ ṣe, gbogbo rẹ̀ á sì dà bí ẹni pé ó dára títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gé irin tí kò nílò ìrù.

Ọ̀rọ̀ iná kò gùn. Mọ́tò ẹṣin kan, tí í ṣe nǹkan bí 746 wáàtì, máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan nígbà tó bá ń jí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "mo sàn ju aládùúgbò mi lọ" kò lè jí i, ẹ má ṣe dán an wò. Ẹ rí i pé wáyà ilẹ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ bá sì lò, ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani láìní òórùn tó lè kìlọ̀ fúnni.

Ohun tó kù jẹ́ ti ará ilé, ibẹ̀ sì ni Màmá wa ti gba ipò wọn padà. Àwọn ló fi òfin lélẹ̀ pé ọmọdé kankan kò gbọ́dọ̀ kọjá ìlà funfun tí wọ́n fi ọ̀dà fà sí ẹnu gáréèjì. Àbúrò mi fi tirẹ̀ kún un: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ orí lathe sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ́ẹ́ bó ti wù kó rí, torí bí ẹnì kan bá tan iná, kọ́kọ́rọ́ náà á fò bí ọta. Kò sí agbádá, kò sí ìborùn, kò sí ẹ̀gbà ọrùn, kò sí àtíbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí. Aṣọ tí kò bá sún mọ́ ara ni irin ń fà wọlé. Ẹni tó bá dirun gígùn gbọ́dọ̀ dì í mọ́ orí. Gíláàsì ojú ṣe dandan. Èèpo irin tó bá bọ́ gbóná, ó sì mú bí abẹ. Búrọ́ọ̀ṣì la fi ń gbá a, a kì í fi ọwọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbà ni ṣáàfùtù ẹ̀rọ ata ti ìyá kan ní òpópónà wa, èyí tó ti pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí níbòmíràn. Ó fi ọjọ́ kan gbáko ṣe é, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìyá náà ti ń lọta láti ìgbà náà, ó ti tó oṣù mẹ́rin, bíárìn rẹ̀ kò tíì pariwo. Ó ti rán alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ méjì wá. Àbúrò mi ti dá díẹ̀ padà nínú àjọ Màmá.

Ó tún gbé gíláàsì olómi náà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí pé ẹ̀rọ máa ń jókòó díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ìhó sún ìlà kan ní ìdí ìrù. Bí mo ti ń kọ èyí, ó wà ní gáréèjì tó ń gé òrùka méjì mìíràn, Màmá wa sì ni wọ́n ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì sí máíkrómítà.